Ilé Là Ń Wò Ká Tó Kọ́ Ọmọ Lóorun

Àwọn àgbà ní ọmọ tó ní ìyá òun kò ní sùn, òun náà kò ní fojú kan oorun. Ọmọ tó ti gbọ́n, tó ń ṣe agídí, ni wọ́n ń fi òwe yìí bá wí. Ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò bá ẹnikẹ́ni jà. Inú ikùn tó ti wá, kò sí òwúrọ̀ níbẹ̀, kò sí alẹ́. Ó máa ń tó oṣù méjì sí mẹ́ta kí ara rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ọ̀sán yàtọ̀ sí òru. Nítorí náà, bí ẹkún bá sọ nínú ilé kan ní Orin-Èkìtì ní agogo méjì òru, kí aládùúgbò má pe ọmọ náà ní ọmọ burúkú, kó má sì sọ pé ìyá rẹ̀ ò mọ ọmọ tọ́.

Òwe tó bá ọ̀rọ̀ yìí mu ni pé ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé náà ló yẹ ká wò ká tó kọ́ ọmọ lóorun. Ọjọ́ ìyá tó ń yan gààrí ò rí bíi ti ìyá tó jẹ́ tíṣà, ti èyí tó ń ná ọjà Ìdó àti Ifàkì sì tún yàtọ̀. Aago kan ṣoṣo ò lè bá gbogbo wọn mu. Ohun tó lè bá wọn mu ni ètò: kí nǹkan kan máa ṣáájú, kí òmíràn máa tẹ̀ lé e, lójoojúmọ́, títí ọmọ á fi mọ ohun tó kàn.

Ní ọdún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ó yẹ kí ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́rin máa sùn fún wákàtí 14 sí 17 láàárín ọ̀sán àti òru, kí ọmọ oṣù mẹ́rin sí mọ́kànlá sì máa sùn fún wákàtí 12 sí 16. Ṣùgbọ́n wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ni ọmọ tuntun ń sun tirẹ̀. Ikùn rẹ̀ kéré, ó sì lè mu ọyàn ní ìgbà mẹ́jọ sí méjìlá láàárín ọjọ́ kan. Ẹ má tíì máa retí oorun àsùnmọ́jú lọ́dọ̀ rẹ̀.

Òwúrọ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ gbé ọmọ síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ẹ bá a sọ̀rọ̀. Lọ́sàn-án, ẹ má torí pé ó sùn kí ẹ pa rédíò tàbí kí ẹ dá odó iyán dúró; ariwo náà ló ń kọ́ ọ pé ọ̀sán nìyí. Kó jí, kó mu ọyàn, kó ṣeré díẹ̀, kó tún sùn. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́, kì í sábà lè lajú ju bíi wákàtí kan lọ. Bó bá ń yán, tó ń nu ojú, tó ń yíjú kúrò lára ẹni tó ń bá a ṣeré, oorun ti dé nìyẹn. Ẹ má dúró dìgbà tó bá ké. Ọmọ tó ti rẹ̀ jù kì í tètè sùn.

Bí iṣẹ́ bá wà nílẹ̀, ẹ pọ̀n ọ́n, ṣùgbọ́n ẹ jìnnà sí èéfín ìdí ààrò gààrí, kí aṣọ má bo imú rẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́: ẹni tó bá rí i tí ọrùn ọmọ tẹ̀ lẹ́yìn ìyá rẹ̀, kó yára tún un ṣe.

Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ̀ ẹ́, ẹ fi òrí pa á lára, ẹ wọ̀ ọ́ láṣọ, ẹ fún un lọ́yàn, ẹ kọrin fún un, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ nígbà tí ojú rẹ̀ bá ń wúwo. Kí ètò yìí má yí padà. Bó bá jí lóru, iná kékeré ni kí ẹ tàn. Ẹ fún un lọ́yàn, ẹ pààrọ̀ aṣọ rẹ̀ bó bá tutù, ẹ má bá a ṣeré. Ọmọ tuntun a sì máa yíra, a máa kùn lójú oorun. Ẹ ní sùúrù díẹ̀ kí ẹ tó gbé e.

Ẹ̀yìn ni kí ẹ máa fi í lélẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìyá àgbà fẹ́ràn kí ọmọ dojú bolẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìkéde ìfẹ̀yìnsùn ní Bìrìtìkó ní 1991 àti ní Amẹ́ríkà ní 1994, ikú òjijì ọmọ lójú oorun fi ju ìdajì lọ dínkù. Kí ibùsùn le dáadáa, kí àwọ̀n ẹ̀fọn bò ó, kí ìrọ̀rí má sí níbẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má gbé ọmọ sáyà sùn lórí àga.

Ẹ má fi oògùn wá oorun fún ọmọ. Ní 2008 sí 2009, oògùn eyín kan tí wọ́n ń pè ní My Pikin, tí májèlé diethylene glycol wọ inú rẹ̀, ba kíndìnrín àwọn ọmọ jẹ́ ní Nàìjíríà. Ọmọ 84 ló kú. Àgbo náà kò yẹ ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà. Ọyàn nìkan tó fún un.

Ọmọ tó ń sùn jù náà ń fẹ́ àbójútó. Bí ojú rẹ̀ bá pọ́n bíi ti ẹni tó ní ibà pọ́njú, bí kò bá lè mu ọyàn, bí ara rẹ̀ bá gbóná, tàbí tí a jí i tí kò jí, ẹ má wí pé ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Ilé ìwòsàn ńlá ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdó-Èkìtì nítòsí Orin. Ibẹ̀ ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Kí a má sì kó káńfọ̀ sáàárín aṣọ ọmọ, torí ó lè fa ibà pọ́njú fún àwọn ọmọ kan.

Ojú méjì ló ń bímọ, igba ojú ló ń wò ó. Bí igba ojú ọ̀hún kò bá fẹnu kò, ètò ò ní dúró. Kí ìyá àgbà gba ọmọ láàárọ̀ kí ìyàwó lè sùn, kí bàbá máa gbé e sí èjìká lẹ́yìn ọyàn alẹ́ títí yóò fi gùnfẹ̀. Ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára, ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ìkẹwàá àti ìkẹrìnlá, ètò lè dàrú. Kí ẹnikẹ́ni má bínú, ẹ padà sí i láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ìwẹ̀ ìrọ̀lẹ́ nìkan ni kí ẹ kọ́kọ́ mú dúró lọ́sẹ̀ yìí. Bó bá ti mọ́ ilé lára, ẹ fi òmíràn kún un.