Omi Inú Rọ́bà Kì í Purọ́: Bí A Ṣe Ń Mú Èbúté Dọ́gba Lẹ́yìn Omíyalé

Omi ti ń fà sẹ́yìn báyìí, ọ̀pọ̀ nínú yín sì ti ń múra láti padà sí etí odò. Kí pákó, páànù àti àpò sìmẹ́ńtì tó lè dé ọ̀dọ̀ yín, ọkọ̀ ojú omi gbọ́dọ̀ rí ibi gúnlẹ̀ sí. Èbúté onípákó ni iṣẹ́ àkọ́kọ́. Ẹ̀kọ́ tòní dá lórí ohun èlò kékeré méjì tí ẹ lè fi ọwọ́ mú, tí yóò jẹ́ kí ojú èbúté yín tẹ́jú: lẹ́fẹ́ẹ̀lì tí káfíńtà ń lò, àti rọ́bà omi tí àwọn bíríkìlà ń lò.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí wa

Ní èbúté àkọ́kọ́ tí a bá àwọn ará àdúgbò kan tún kọ́, ìkánjú ni a fi ṣe é. Òpó mẹ́jọ ni a rì mọ́lẹ̀ ní ìlà méjì, láti etí ilẹ̀ wọ inú omi. A mú téèpù, a wọn ẹsẹ̀ bàtà 5 láti orí ẹrẹ̀ sókè lára òpó kọ̀ọ̀kan, a sì gé e níbẹ̀. A dúró létí odò, a wò ó, a ní ó dára. Ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ omi kì í tẹ́jú. Nígbà tí a kan pákó tán, apá tó wọ inú omi fi ìǹṣì 5 rẹlẹ̀ ju apá orí ilẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ ọjà àkọ́kọ́, ìyá kan tó ru ẹja yọ̀ lórí pákó tútù náà, ó ṣubú, ọwọ́ rẹ̀ sì kán. Obìnrin tí omi ti kó ilé rẹ̀ lọ tún wá pàdánù ọ̀nà oúnjẹ rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Kì í ṣe pákó ló jẹ̀bi, àwa tí a kò wọn ún dáadáa ni. A tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀. Àwọn òpó tí ó ti kúrú jù kò wúlò fún wa mọ́, nítorí òpó tí a bá gé kúrú, kò sí ẹni tó lè fà á gùn.

Bàbá bíríkìlà kan tí òun náà ń sùn sí kíláàsì ilé ìwé pẹ̀lú àwọn tí omi lé kúrò nílé ló kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ tí a fẹ́ kọ́ yín yìí. Ó wà níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí a ń ṣe àṣìṣe wa. A kò bi í léèrè ni.

Ìdí tí ojú fi ń tàn wá jẹ

Ohun mẹ́rin ni àwọn ènìyàn sábà máa ń fi wọn èbúté, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì lè tàn wọ́n jẹ.

Àkọ́kọ́ ni ẹrẹ̀. Omíyalé máa ń gbẹ́ ibì kan, ó sì máa ń kó iyanrìn jọ síbòmíràn. Ìkejì ni ojú odò. Lóòótọ́ ni omi tó dúró jẹ́ẹ́ máa ń tẹ́jú, ṣùgbọ́n odò ń ṣàn. Nítòsí ọ̀sà, omi ń wọlé, ó sì ń fà sẹ́yìn lójoojúmọ́. Bí ẹ bá fi ojú omi wọn òpó kan ní aago mẹ́jọ àárọ̀, tí ẹ wọn òmíràn ní aago mọ́kànlá, omi náà ti kúrò níbi tó wà tẹ́lẹ̀. Ìkẹta ni èbúté aládùúgbò yín. Omi tó ti tìrẹ́ yín wó lè ti tẹ tirẹ̀ náà. Ìkẹrin ni ojú ara wa. Etí odò fúnra rẹ̀ dagun, ohun tó dagun pẹ̀lú rẹ̀ yóò sì dàbí ohun tó tọ́.

Lẹ́fẹ́ẹ̀lì káfíńtà

Èyí ni irin tàbí pákó gbọọrọ tí ó ní ìgò kékeré láàárín. Omi aláwọ̀ wà nínú ìgò náà, afẹ́fẹ́ kékeré kan bí ẹyin aláǹgbá sì léfòó nínú rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ yìí bá dúró sáàárín ìlà méjì, ibi tí ẹ gbé e lé tẹ́jú. Bí ó bá sún sí apá kan, apá yẹn ló ga jù.

Ẹ dán lẹ́fẹ́ẹ̀lì wò kí ẹ tó gbà á gbọ́, pàápàá èyí tó ti wà lábẹ́ omi tàbí tó ti jábọ́ rí. Ẹ gbé e lé orí pákó kan, ẹ wo ibi tí afẹ́fẹ́ náà sún sí. Lẹ́yìn náà, ẹ yí i po, kí orí rẹ̀ wà níbi tí ìdí rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀. Bí ó bá ti sún sí apá odò tẹ́lẹ̀, apá odò náà ló gbọ́dọ̀ tún sún sí, bákan náà gẹ́lẹ́. Bí ó bá wá sún sí apá ilé, lẹ́fẹ́ẹ̀lì náà ti bàjẹ́.

Lẹ́fẹ́ẹ̀lì dára fún igi ìdábùú kan tàbí pákó kan. Kò dára fún gígùn gbogbo èbúté. Ká ní lẹ́fẹ́ẹ̀lì yín gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 2, ẹ sì ń gbé e láti ibì kan dé ibòmíràn lórí èbúté tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 24. Ìgbà 12 ni ẹ ó gbé e. Bí ẹ bá fi ìdá kan nínú mẹ́jọ ìǹṣì ṣì í lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tí gbogbo rẹ̀ sì wà sí ọ̀nà kan náà, yóò di ìǹṣì kan àbọ̀ kí ẹ tó dé òpin. Nítorí náà ni a ṣe nílò rọ́bà.

Rọ́bà omi

Rọ́bà gbọọrọ tí ó mọ́ gaara ni, tí ènìyàn lè rí omi inú rẹ̀. Kí ihò inú rẹ̀ tó bí ìdajì ìǹṣì, nítorí afẹ́fẹ́ máa ń há sínú èyí tó bá tín-ín-rín jù. Fún èbúté ẹsẹ̀ bàtà 24, ẹ ra èyí tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 40, kí ó lè gun òpó sókè ní ìhà méjèèjì. Bí omi bá wà nínú rẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ méjèèjì sì ṣí, omi ẹnu kan àti ti èkejì yóò máa dọ́gba, bó ti wù kí àárín rẹ̀ wọ́ sílẹ̀ tó. Ìgbì kò lè dé inú rẹ̀, ẹrẹ̀ kò sì lè yí i padà.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fetí sí èyí dáadáa: ẹ má fi ẹnu fa omi sínú rọ́bà. Àṣà àwọn òṣìṣẹ́ ni, ṣùgbọ́n omíyalé ti gbé ìgbẹ́ ṣáláńgá wọ odò àti kànga. Ẹnu kan péré tí ènìyàn bá gbé mì lè fa kọ́lẹ́rà. Bí ẹ ó ṣe ṣe é nìyí:

1. Ẹ wá omi mímọ́ sínú báàfù ńlá kan, kí ẹ sì gbé e lé orí tábìlì. Ẹ lè po búlúù ìfọṣọ díẹ̀ mọ́ ọn, kí ojú lè rí i dáadáa.
2. Ẹ ká rọ́bà náà, ẹ tẹ gbogbo rẹ̀ rì sínú omi náà títí afẹ́fẹ́ kò fi ní jáde mọ́.
3. Ẹ fi àtàǹpàkò dí ẹnu kan, ẹ fà á jáde wá sísàlẹ̀ ju báàfù lọ, kí ẹnu kejì sì wà nínú omi. Bí ẹ bá ti ṣí àtàǹpàkò, omi yóò máa ṣàn fúnra rẹ̀, yóò sì lé afẹ́fẹ́ tó kù jáde.
4. Ẹ fi bí ìbú ọwọ́ kan sílẹ̀ láìní omi ní ẹnu méjèèjì, kí ó má baà máa dà nù.
5. Ẹ mú ẹnu méjèèjì sún mọ́ ara wọn. Bí omi wọn kò bá dọ́gba, afẹ́fẹ́ wà nínú rọ́bà tàbí ó ti ṣẹ́ níbì kan. Ẹ wá a rí kí ẹ tó tẹ̀ síwájú.

Bí ẹ ó ṣe fi sàmì sí àwọn òpó

Ènìyàn méjì ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹ kọ́kọ́ ti òpó kọ̀ọ̀kan wò. Èyí tó bá ń mì, ẹ tún un rì, nítorí rọ́bà kò lè sọ fún yín pé òpó kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ẹ so òkúta mọ́ okùn, kí ẹ fi wò ó bóyá òpó náà dúró ṣánṣán.

Ẹ yan òpó tó le jù lọ, tó sún mọ́ ilẹ̀, ẹ sì fi pẹ́ńsù fa ìlà kan sí i lára. Èyí ni ìyá àmì. Ẹni àkọ́kọ́ yóò dúró tì í pẹ̀lú ẹnu rọ́bà kan. Ẹnì kejì yóò gbé ẹnu kejì lọ sí òpó mìíràn. Kí àwọn méjèèjì fi àtàǹpàkò dí ẹnu rọ́bà nígbà tí wọ́n bá ń rìn, kí wọ́n sì ṣí i nígbà tí wọ́n bá dé ìdí òpó. Ẹnì kejì yóò máa gbé tirẹ̀ sókè sódò díẹ̀díẹ̀ títí omi ọ̀dọ̀ ẹni àkọ́kọ́ yóò fi dúró sórí ìyá àmì. Ẹ ní sùúrù kí omi dákẹ́. Nígbà náà ni ẹnì kejì yóò fa ìlà síbi tí omi tirẹ̀ dúró sí.

Gbogbo òpó ni ẹ ó wọn láti ìyá àmì, ẹ má wọn èyí láti ara èyí. Bí ẹ bá parí, ẹ tún padà wọn òpó àkọ́kọ́ tí ẹ wọn. Bí ìlà rẹ̀ bá yí padà, omi ti dà nù tàbí òpó ti mì, ẹ tún un ṣe.

Láti orí àmì dé orí pákó

Ẹ bi àwọn awakọ̀ ojú omi àti àwọn àgbà léèrè ibi tí omi máa ń dé nígbà òjò àti nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kí ẹ tó pinnu gíga. Ní ìsàlẹ̀ Odò Ògùn, kì í ṣe òjò àdúgbò nìkan ló ń gbé omi wá. Omi tí wọ́n ń tú sílẹ̀ láti ìsédò Ọ̀yán, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1983, náà máa ń dé, pàápàá ní oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá.

Ká ní ẹ fẹ́ kí ojú pákó fi ìǹṣì 10 ga ju àmì lọ. Pákó nípọn ní ìǹṣì 2, igi ìdábùú tó wà lábẹ́ rẹ̀ nípọn ní ìǹṣì 4. Ẹ yọ 6 kúrò nínú 10, ó ku 4. Ìǹṣì 4 lókè àmì ni ẹ ó ti gé orí òpó kọ̀ọ̀kan. Ẹ wọn ún lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó gbé ayùn.

Ẹ fi bí ìdajì ìǹṣì sílẹ̀ láàárín pákó kan àti èkejì, kí omi lè máa jò sílẹ̀. Kò gbọdọ̀ fẹ̀ débi tí ẹsẹ̀ ọmọdé tàbí ìdí ọ̀pá àgbà yóò wọ̀ ọ́. Fún ojú ọ̀nà tó ti orí ilẹ̀ gun èbúté, ẹ fún ẹsẹ̀ bàtà 1 gíga ní ẹsẹ̀ bàtà 12 gígùn. Bí èbúté bá fi ẹsẹ̀ bàtà 2 ga ju ilẹ̀ lọ, kí ọ̀nà náà gùn tó 24. Aboyún, arúgbó àti ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ yóò lè gbà á kọjá.

Kí ẹ tó sọ̀kalẹ̀ sínú omi

Ẹ má ṣe iṣẹ́ yìí nígbà tí odò bá ń sáré. Kí ẹnikẹ́ni má dá wọ inú omi. Kí ẹnì kan dúró lórí ilẹ̀ pẹ̀lú okùn, kí ẹni tó wà nínú omi sì wọ ẹ̀wù ìléfòó. Ẹ wo òkè bóyá wáyà iná já sílẹ̀. Ẹ fi ọṣẹ wẹ ọwọ́ kí ẹ tó jẹun.

Rọ́bà omi àti lẹ́fẹ́ẹ̀lì wà ní ibùdó ìrànwọ́ wa. Ẹ kò ní san owó kankan láti yá wọn. Ẹ wá ní méjì-méjì, kí a lè fi bí wọ́n ṣe ń lò ó hàn yín kí ẹ tó gbé e lọ. Bí bíríkìlà tàbí káfíńtà bá sì wà láàárín yín ní ibùdó, ẹ jọ̀wọ́ ẹ sọ fún wa. A ti kẹ́kọ̀ọ́ pé kí a máa kọ́kọ́ béèrè.