Oko Baba Ẹlòmíràn

Àwọn àgbà ni wọ́n sọ ọ́ pé ọmọ tí kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí ni yóò máa pariwo pé kò sí oko baba ẹni tí ó tó ti baba òun. Bí ọ̀rọ̀ náà bá mọ sí orí oko iṣu àti oko kòkó, ìpalára rẹ̀ kò ní pọ̀, nítorí pé ọjọ́ tí ọmọ náà bá tẹ̀lé ọ̀rẹ́ rẹ̀ dé oko ni ojú rẹ̀ yóò là. Ṣùgbọ́n bí ó bá di ọ̀ràn ẹ̀sìn, ènìyàn lè dàgbà, kí ó gbé ìyàwó, kí ó bímọ, kí ó hu ewú lórí, kí ó má tíì fi ẹsẹ̀ kan oko baba ẹlòmíràn rí, síbẹ̀ kí ó máa fi ìdánilójú sọ fún àwọn ọmọ tirẹ̀ pé kìkì èpò ni ó kún ibẹ̀. Ohun tí ó mú mi kọ ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú àwa òbí tí a ń sáré kiri kí ọmọ wa lè mọ ìṣirò, kí ó sì mọ èdè òyìnbó, ni a kò ronú rí nípa ohun tí yóò mọ̀ nípa ìgbàgbọ́ ẹni tí ó ń bá a pín ògiri ilé.

Kì í ṣe pé ilẹ̀ Yorùbá kò mọ bí a ti ń fara dà fún ara ẹni. Ayé la bá Ifá, ayé la bá Ìmàle, ọ̀sán gangan ni Ìgbàgbọ́ wọlé dé. Láti ìgbà tí àwọn oníwàásù sì ti gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní ọdún 1842 ni ẹ̀sìn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti jọ ń gbé agbolé, tí ẹ̀gbọ́n ń jẹ́ Alhaji, tí àbúrò ń jẹ́ díákónì, tí ìyá àgbà tí ó bí baba wọn kò sì jẹ́ kí ìkòkò Ọ̀ṣun olóòyà iyùn gbẹ lójúbọ. Nígbà tí Mohammed Shitta Bey, oníṣòwò Mùsùlùmí, kọ́ mọ́ṣáláṣí rẹ̀ sí Èkó, èyí tí wọ́n ṣí ní ọdún 1894, João Baptista da Costa, ọ̀gá nínú àwọn kọ́lékọ́lé Àgùdà tí wọ́n ti Bràsílì dé, ni ó ṣe iṣẹ́ náà. Ẹni tí ó bá sì dúró níwájú mọ́ṣáláṣí ńlá àtijọ́ tí ó wà ní Àjàṣẹ́, ní orílẹ̀-èdè Benin, yóò kọ́kọ́ rò pé ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Àgùdà ni òun ń wò. Àlùfáà ìjọ Krístì kan, M. S. Cole, ni ó túmọ̀ Kùránì sí èdè Yorùbá, tí ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1906. Ohun yòówù tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ nígbà náà, mo ka iṣẹ́ ọ̀hún sí iṣẹ́ akin, nítorí pé ó jókòó ti ìwé ẹ̀sìn tí kì í ṣe tirẹ̀, ó sì kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ohun tí ọ̀pọ̀ nínú àwa tí ẹnu wa gbóná lónìí kò ṣe rí.

Ṣùgbọ́n ìbágbépọ̀ yàtọ̀ sí ìmọ̀. À ń jọ jẹ ẹran Iléyá, a kì í jọ sọ ìdí tí a fi pa àgbò. Ìrẹsì Kérésìmesì ń ti ilé kan bọ́ sí òmíràn, ọmọ tí ó jẹ ẹ́ kò sì mọ ohun tí ọjọ́ náà jẹ́ fún àwọn tí ó se é. Nígbà tí àwọn àgbà tí ń rán abọ́ síra wọn bá kú tán, ohùn ẹni tí ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn bú ẹlẹ́sìn mìíràn nìkan ni yóò kù tí ọmọ yóò máa gbọ́.

Kí wá ni ìpìlẹ̀ tí a ó fi han ọmọ? Àwọn ènìyàn rere kan wà tí ìdáhùn wọn yá: wọ́n á ní ọ̀kan náà ni gbogbo ẹ̀sìn, Ọlọ́run kan náà ni gbogbo wa ń pè. Mo mọ ìfẹ́ tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n n kò gbà pé kí a fi kọ́ ọmọ, nítorí pé kò rí bẹ́ẹ̀. Onígbàgbọ́ ní Ọmọ Ọlọ́run ni Jésù, ó kú lórí àgbélébùú, ó sì jíǹde. Mùsùlùmí bu ọlá fún Jésù gẹ́gẹ́ bí òjíṣẹ́ Ọlọ́run, ó gbà pé wúńdíá ni ó bí i, ṣùgbọ́n kò gbà láéláé pé Ọlọ́run bí ọmọ. Ẹlẹ́sìn Buddha kò tilẹ̀ gbé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ka orí Ẹlẹ́dàá. Ìyà tí ó wà láyé àti ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà bọ́ nínú rẹ̀ ni ó ń kọ́ni. Ọmọ tí a bá sọ fún pé ọ̀kan ni gbogbo wọn yóò mọ òtítọ́ lọ́jọ́ kan, láti inú ìwé tàbí láti ẹnu ọ̀rẹ́, yóò sì máa wò wá bí ẹni tí ó parọ́ fún òun. Ibi tí àwọn ẹ̀sìn ti pàdé kò sí nínú orúkọ tí a ń pe Olódùmarè. Ó wà nínú ohun tí wọ́n ní kí ènìyàn ṣe sí ọmọnìkejì rẹ̀, Yorùbá sì ní òwe kan tí ó kó gbogbo rẹ̀ já: ẹni tí yóò fi igi ṣóńṣó gún ọmọ ẹyẹ, kí ó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò ná.

Ẹ jẹ́ kí ọmọ mọ òwe yìí dáadáa, kí ó máa pa á, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí àwọn ará ibòmíràn wí. Ní ilẹ̀ Ṣáínà, ní nǹkan bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún kí a tó bí Jésù, ọmọ ẹ̀kọ́ kan tí ń jẹ́ Zigong bi Confucius, olùkọ́ rẹ̀, bóyá ọ̀rọ̀ kan wà tí ènìyàn lè dì mú ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀; olùkọ́ náà sì dá a lóhùn pé ohun tí kò bá fẹ́ fún ara rẹ̀, kí ó má ṣe é sí ẹlòmíràn. Àwọn Júù ní ìtàn ọkùnrin àjèjì kan tí ó tọ Shammai, ọ̀kan nínú àwọn àgbà olùkọ́ wọn, lọ, tí ó ní òun yóò gba ẹ̀sìn wọn bí ó bá lè kọ́ òun ní gbogbo Òfin ní ìwọ̀n ìgbà tí òun lè fi ẹsẹ̀ kan dúró. Shammai fa ọ̀pá tí àwọn kọ́lékọ́lé fi ń wọn nǹkan yọ, ó fi lé e jáde. Ọkùnrin náà tọ Hillel lọ pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀ kan náà. Hillel kò bínú. Ó ní ohun tí ó bá kórìíra, kí ó má ṣe é sí ẹnìkejì rẹ̀, pé gbogbo Òfin nìyẹn, àlàyé ni ìyókù, kí ó sì lọ kọ́ ọ. Ọmọdé a máa fẹ́ràn ìtàn yìí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ẹsẹ̀ kan dúró bí ẹ ti ń sọ ọ́, kò ní kúrò lọ́kàn wọn mọ́.

Jésù, nínú ìwàásù orí òkè, kò dúró sí orí ohun tí a kò gbọdọ̀ ṣe: ohun tí a bá ń fẹ́ kí ènìyàn ṣe sí wa, ó ní òun ni kí àwa náà máa ṣe sí wọn, ẹrù tí ó wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ nìyí, ó sì yẹ kí ọmọ mọ̀ pé ó wúwo jù. Ànábì Muhammad, gẹ́gẹ́ bí Bukhari àti Muslim, àwọn méjì tí wọ́n kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jọ, ti gbà á sílẹ̀, kọ́ni pé ìgbàgbọ́ ènìyàn kò tíì pé títí yóò fi fẹ́ fún arákùnrin rẹ̀ ohun tí ó fẹ́ fún ara rẹ̀. Ìwé Dhammapada ti àwọn ẹlẹ́sìn Buddha sì rán ẹni tí ó fẹ́ na ẹlòmíràn létí pé gbogbo ẹ̀dá ni ó ń bẹ̀rù ọ̀pá, kí ó fi ara rẹ̀ sí ipò ẹni náà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ sọ ọ́ di ìdíje, kí ó máa bèèrè ta ni ó kọ́kọ́ sọ ọ́. Ẹ bi í léèrè ta ni ó fi igi ṣóńṣó gún ní ilé ẹ̀kọ́ lọ́sẹ̀ yìí.

Ọ̀rọ̀ nìkan kò sì tó, nítorí pé ojú ọmọdé yá ju etí rẹ̀ lọ. Ẹ ka ogójì hóró ẹ̀wà síwájú rẹ̀, kí ẹ mú ẹyọ kan kúrò: ìwọ̀n tí Mùsùlùmí ń yọ fún sàká nínú owó tí ó bá tó yọ, tí ó sì ti pé ọdún kan lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ẹ ka mẹ́wàá, kí ẹ mú ẹyọ kan: ìdámẹ́wàá nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí ó mọ̀ pé ẹni tí ó gbààwẹ̀ Ràmàdánì láti ìdájí títí oòrùn yóò fi wọ̀, ẹni tí ó gbààwẹ̀ Lẹ́ńtì, Júù tí kò fi nǹkan kan ẹnu ní ọjọ́ ètùtù ọdọọdún, àti ẹlẹ́sìn Híńdù tí ń gbààwẹ̀ ní ọjọ́ kọkànlá òṣùpá, gbogbo wọn ni wọ́n ń kọ́ ara wọn kí ikùn má baà di olúwa wọn. Ẹ̀yin òbí tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù tún ní àǹfààní kan tí àwa ilé kò ní. Láti ìgbà Guru Nanak, ẹni tí ó dá ẹ̀sìn Sikh sílẹ̀ ní ilẹ̀ Punjab, tí ó gbé ayé láàárín ọdún 1469 sí 1539, ni àwọn Sikh ti ń se oúnjẹ ọ̀fẹ́ nínú ilé ìjọsìn wọn fún ẹnikẹ́ni tí ó bá wọlé. Ẹ mú àwọn ọmọ lọ síbẹ̀, kí wọ́n bọ́ bàtà, kí wọ́n bo orí, kí wọ́n jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú ọlọ́lá àti mẹ̀kúnnù, kí wọ́n jẹun; ẹnikẹ́ni kò ní bi wọ́n ní ẹ̀sìn wọn kí ó tó bu oúnjẹ fún wọn.

Mo mọ ẹ̀rù tí ń ba òbí, pé bí ọmọ bá mọ tẹni ẹlẹ́ni jù, yóò fi tirẹ̀ sílẹ̀. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde: ọmọ tí kò mọ àdúrà ilé baba rẹ̀, tí kò mọ ìdí tí a fi ń gbà á, ni afẹ́fẹ́ èyíkéyìí lè gbé lọ, nítorí náà ẹ̀sìn ilé ni kí ẹ kọ́kọ́ fi kọ́ ọ, kí ó sì jinlẹ̀. Ajayi Crowther tí wọ́n kó lẹ́rú ní Òṣogùn ní ọdún 1821, tí ó di bíṣọ́ọ̀bù ní ọdún 1864, a máa jókòó ti àwọn Mùsùlùmí létí odò Ọya, a máa fi Bíbélì dáhùn ìbéèrè wọn láì bú ìwé wọn; kò sì sí ẹni tí yóò sọ pé ìgbàgbọ́ tirẹ̀ mì. Bí ẹ bá sì fẹ́ kí ọmọ mọ ti ẹlòmíràn, ẹnu oníkàn la ti ń gbọ́ pọ̀ún: ẹ rán an sí Alhaji kí ó bi í ní ìdí tí a fi ń ṣe àlùwàlá, ẹ rán an sí ìyá ìjọ kí ó bi í ní ìtumọ̀ ìrìbọmi, ẹ má ṣe dá a sọ fún un láti ẹ̀yìn wọn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti kùnà jù lọ ni ti ìṣẹ̀ṣe. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun fi ọjọ́ 20 oṣù kẹjọ sílẹ̀ fún un gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ ìsinmi, UNESCO sì ti ka igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo mọ́ ohun ìní gbogbo ayé láti ọdún 2005, síbẹ̀ àwọn ọmọ wa tí wọ́n lè bọ̀wọ̀ fún ẹlẹ́sìn Híńdù a máa tutọ́ sílẹ̀ bí babaláwo bá ń kọjá. Òbí ni wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tí kò bá lè gba Ifá gbọ́ lè sọ fún ọmọ rẹ̀ pé òun kò gbà á gbọ́, kí ó sì fi kún un pé ìwà lẹ̀sìn ni àwọn tí ó gbà á gbọ́ ń wí, pé wọ́n kórìíra èké àti ọ̀dàlẹ̀ bí àwa náà ti kórìíra wọn.

Bó pẹ́ bó yá, ọmọ yóò béèrè bóyá bàbá ọ̀rẹ́ òun, tí kì í ṣe ẹlẹ́sìn wa, yóò dé ọ̀run rere. Ẹ má ṣe fi àwàdà bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ sọ ohun tí ẹ̀sìn yín wí, kí ẹ sì sọ pé Onígbàgbọ́ àti Mùsùlùmí ni wọ́n jọ gbà pé ọwọ́ Ọba adákẹ́dájọ́ ni ìdájọ́ wà, a kò fi lé ọmọ aráyé lọ́wọ́. Bí ó bá tún bi yín nígbà tí ó bá di ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ gbé Bíbélì àti Kùránì tí a túmọ̀ sí Yorùbá síwájú rẹ̀, ẹ ṣí Mátíù orí 25 fún un, kí ẹ sì ṣí Súrà kejì, ẹsẹ 62, kí ẹ jókòó tì í bí ó ti ń kà, kí ẹ má sì fo àwọn ibòmíràn tí ọ̀rọ̀ ti le nínú ìwé méjèèjì.