Ta Ló Sọ Pé Kọ̀ǹpútà Mi Ti Gbó?

ÌBÉÈRÈ: Bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà kékeré kan ni mo ní lẹ́bàá Mápó. Mo ń tẹ ìwé fún àwọn tó ní ẹjọ́ ní kóòtù ìbílẹ̀, mo sì ń ṣe ìwé ètò ìsìnkú àti ti ìkómọ fún àwọn ará Bẹẹrẹ àti Bẹyẹrúnkà. Kọ̀ǹpútà mẹ́ta ni mo ní, tòkunbọ̀ ni gbogbo wọn. Méjì nínú wọn ń kọ ọ́ sójú mi lójoojúmọ́ pé àsìkò àwọn ti kọjá, kí n lọ ra tuntun. Ẹ̀rọ tó ń tàn, tó ń tẹ̀wé, tí kò ṣe mí ní nǹkan kan!

Èyí tó dùn mí jù ni ti sọfitíwià tí mo fi ń ya àwòrán. Owó oṣù là ń san lórí rẹ̀. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, káàdì mi kọ̀, kò sanwó, sọfitíwià náà sì tilẹ̀kùn mọ́ mi. Bẹ́ẹ̀ olóòkú ti jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, ó ń dúró de ìwé ètò ọjọ́ kejì. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ló wà nínú fáìlì yẹn, mi ò sì rí i ṣí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Poli ní òun á gbé Linux sórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dípò Windows, pé ọ̀fẹ́ ni. Ohun ọ̀fẹ́ máa ń bà mí lẹ́rù. Kí lẹ rí sí i?
Ìyá Bísínẹ́ẹ̀sì Sẹ́ńtà, Mápó, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ajé á wọgbá o. Ẹ̀rọ yín ò gbó. Àdéhùn ló parí, àdéhùn tí ẹnikẹ́ni ò pè yín sí nígbà tí wọ́n ń ṣe é.

Lọ́dún 2015 tí Windows 10 jáde, òṣìṣẹ́ Microsoft kan sọ níwájú èrò pé Windows 10 ni Windows ìkẹyìn. Nígbà tó di 2021, Windows 11 dé, ó sì ń yan ẹni tó máa bá lò. Ẹ̀rọ tí kò bá ní ohun ààbò tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0, tàbí tí ọpọlọ Intel inú rẹ̀ bá ti ṣáájú ìran kẹjọ, tó jáde ní 2017, kò bá wọn dọ́gba. Nígbà tó di ọjọ́ 14, Oṣù Kẹwàá 2025, wọ́n dá àtúnṣe ààbò Windows 10 dúró. Tòkunbọ̀ tó ti jáde ṣáájú 2017 pọ̀ lọ́jà wa; ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń rà á mọ̀ jù mí lọ. Wọ́n fi ọdún kan kún un fún aráàlú tó bá san 30 dọ́là, tàbí tó bá fi àkántì Microsoft wọlé, tó sì jẹ́ kí ètò ẹ̀rọ rẹ̀ máa lọ sọ́dọ̀ wọn. Bó bá ṣì ṣeé gbà, ẹ gba ọdún náà. Kò sí ìtìjú níbẹ̀, ẹ kàn fi ra àkókò ni.

Ní ti sọfitíwià olówó oṣù, ẹ ò dárúkọ ẹni tó ni ín, èmi náà ò ní méfò. Ṣùgbọ́n láti ìparí 2022 ni ọ̀pọ̀ báńkì wa ti dá káàdì náírà dúró lórí ọjà òkèèrè fún ìgbà pípẹ́. Ẹni tó ní owó lápò gan-an ò rí i san nígbà náà. Ayálégbé ni wọ́n ń sọ yín dà lórí iṣẹ́ tẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín ṣe. Láti òní lọ, iṣẹ́ tẹ́ ẹ bá parí, ẹ máa fi ẹ̀dà PDF rẹ̀ pamọ́. Ẹ̀yin lẹ ni ìyẹn.

Ẹ̀rù ọ̀fẹ́ wá ńkọ́? Ohun kan ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ yìí ní 2007. Ìjọba Nàìjíríà fẹ́ ra kọ̀ǹpútà kékeré Classmate ti Intel, 17,000, fún àwọn ilé ẹ̀kọ́, pẹ̀lú Linux ti ilé-iṣẹ́ Mandriva ti ilẹ̀ Faransé lórí wọn. Ọjà ti fẹ́ẹ̀ délé nígbà tí Mandriva gbọ́ pé Windows ni wọ́n máa fi rọ́pò rẹ̀. François Bancilhon, ọ̀gá Mandriva, kọ lẹ́tà gbangba sí Steve Ballmer ti Microsoft, ó bi í pé kí ló ṣe fún wọn tí wọ́n fi yí ọkàn padà. Ìròyìn jáde pé Microsoft ń bá ilé-iṣẹ́ tó ń kó ọjà náà wọlé jíròrò 400,000 dọ́là, wọ́n ní owó ìpolówó ni. Microsoft ní àwọn ò ṣe ohun tí kò tọ́. Níkẹyìn, àjọ ìjọba tó ń sanwó ní Mandriva làwọn fẹ́. Tí nǹkan ọ̀fẹ́ yẹn bá jẹ́ pàǹtírí ni, kí ni wọ́n ń fi irú owó bẹ́ẹ̀ lé kiri fún?

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bojú wò ni pé ta ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Oracle ra ilé-iṣẹ́ Sun ní 2010, OpenOffice, sọfitíwià ọ̀fẹ́ tí wọ́n fi ń tẹ̀wé, sì bọ́ sọ́wọ́ wọn. Àwọn tó ń kọ ọ́ ò fọkàn tán olówó tuntun. Lọ́dún yẹn náà ni wọ́n kó kóòdù rẹ̀, tó wà ní gbangba fún gbogbo ayé, wọ́n sì fi dá LibreOffice sílẹ̀. Oracle ò lè dá wọn dúró. Linux tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní 1991 wà nínú gbogbo fóònù Android. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé òun lẹ ti ń fi tẹ WhatsApp láti ọjọ́ yìí.

Ṣùgbọ́n ọmọ ẹ̀gbọ́n yín ń kánjú. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kẹ̀? Ẹ̀rọ tẹ́ ẹ fi ń tẹ̀wé kóòtù nìkan ni kó kọ́kọ́ mú. Kó gbé Linux Mint, ẹ̀yà Xfce, sórí flash, kó fi tan ẹ̀rọ náà láì tíì gbé e wọlé. RAM 4GB tó o. Ẹ fi príńtà àti ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì yín dán an wò níbẹ̀. HP kì í fi bẹ́ẹ̀ yọni lẹ́nu, àmọ́ àwọn Canon kékeré kan lè fẹ́ ṣagídí. LibreOffice á ṣí fáìlì Word, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlà lè yẹ̀ díẹ̀. Àtẹ bọ́tìnnì Yorùbá wà nínú Linux Mint, lábẹ́ Nàìjíríà: orúkọ olóògbé á ní àmì lórí, ó tó gẹ́ẹ́ tá a ti ń sin àgbà pẹ̀lú orúkọ tí kò pé.

Ẹ̀rọ ìkẹta, tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ ìkìlọ̀, ẹ fi í sílẹ̀ lórí Windows. Àwọn atẹ̀wé wa fẹ́ràn CorelDRAW, tí kò ní ẹ̀dà ti Linux báyìí. Inkscape, sọfitíwià ọ̀fẹ́ tí wọ́n fi ń ya àwòrán, lè ṣí díẹ̀ nínú fáìlì rẹ̀, kì í ṣe gbogbo rẹ̀, ẹni tó bá sọ fún yín pé gbogbo rẹ̀ ni kò tíì bá oníbàárà jà rí. Ẹ má sì gba ẹ̀dà CorelDRAW tí wọ́n já kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láti fi dín ìnáwó kù. Kòkòrò tó bá tibẹ̀ wọlé á tún ná yín lówó.

Kí ọmọ náà tó tẹ bọ́tìnnì tó máa gbé Linux wọlé, kó kó gbogbo fáìlì yín sórí díìsìkì mìíràn, kó yọ díìsìkì náà kúrò lára ẹ̀rọ. Bó bá ṣi ìlà kan yàn níbẹ̀, gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀rọ náà ló máa nù.