Ẹ̀KỌ́ WA: Adájọ́ Tí Kì Í Wojú Ẹnikẹ́ni

 

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti rí obìnrin òyìnbó kan lórí tẹlifíṣàn, àbí lórí fóònù àwọn ọmọ wa, tó wọ aṣọ dúdú adájọ́, tó fi léèsì funfun sí ọrùn, tó ń jágbe mọ́ àwọn tó wá rojọ́. Judge Judy ni wọ́n ń pè é. Bó bá ti ń lọ lọ́wọ́, ẹni tó ń ka owó á ṣi owó kà. Ó dára ká mọ ẹni tó jẹ́, torí àwọn kan nínú wa ti ń sọ pé bẹ́ẹ̀ gan-an ló yẹ kí ìgbìmọ̀ aparíjà ẹgbẹ́ wa máa ṣe.

Judith Sheindlin lorúkọ rẹ̀. Wọ́n bí i ní 1942 ní Brooklyn, ní ìlú New York, ní Amẹ́ríkà. Adájọ́ gidi ni, kì í ṣe eléré. Láti 1972 ló ti ń ṣe lọ́yà ìjọba ní kóòtù tó ń gbọ́ ẹjọ́ ọmọdé àti ẹbí. Ní 1982, Ed Koch tó jẹ́ olórí ìlú New York nígbà náà fi í jẹ adájọ́. Ó fẹ̀yìn tì ní 1996, ọdún yẹn náà sì ni ètò tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣàn. Ọdún 25 ni wọ́n fi ṣe é kó tó parí ní 2021.

Kí ló wá dùn níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀? Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Gbogbo wa la ti jókòó níbi ẹjọ́ tí onígbèsè ń sọ ìtàn àìsàn ìyá ọkọ rẹ̀ fún wákàtí kan gbáko, tí kò sí ẹni tó lè bi í pé, “Owó ńkọ́?” Torí pé àgbà ni, tàbí torí pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló fún wa ní ìsọ̀. Obìnrin yìí kò mọ ìyẹn. Bí ẹ bá ní “ọ̀rẹ́ mi sọ fún mi pé,” á ní kí ẹ dákẹ́, àfi tí ọ̀rẹ́ náà bá wà níbẹ̀. Bí ẹ bá ní ẹ ti sanwó, á na ọwọ́ síta: ìwé dà? Á wo ọjọ́ tó wà lára ìwé, á fi wé ọjọ́ tí ẹ fẹnu sọ, ibẹ̀ lọ̀pọ̀ òpùrọ́ ti ń ṣubú. Byrd, akódà rẹ̀, ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ kan, á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, á máa gba ìwé fún un. Ẹni tí wọ́n ti rẹ́ jẹ rí, tí kò rí ẹni gbèjà rẹ̀, bó bá rí i tí wọ́n dá ẹlẹ́nu dídùn lẹ́nu dúró, ara á tù ú bíi pé òun ni wọ́n san gbèsè fún. Àwa náà ń pàtẹ́wọ́ jàre.

Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ nìyí o. Ibi tí ẹ ń wò yẹn kì í ṣe kóòtù ìjọba. Ilé tí wọ́n ti ń ya tẹlifíṣàn ní Los Angeles ni, wọ́n sì sanwó fún àwọn òǹwòran tó jókòó lẹ́yìn. Àwọn méjèèjì tó ń jà ti gbé ẹjọ́ wọn lọ sí kóòtù gidi tẹ́lẹ̀. Ètò náà ló kàn sí wọn, tí wọ́n fi fọwọ́ sí ìwé pé àwọn gbé e kúrò lọ́hùn-ún, ohun tí Judy bá sọ, abẹ gé e. Owó tó lè dá fún ẹnikẹ́ni kò kọjá 5,000 dọ́là. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé owó yẹn kì í ti àpò ẹni tó jẹ̀bi jáde! Àwọn tó ni ètò ló ń san án, wọ́n á tún fún àwọn méjèèjì lówó wíwá.

Ẹ rò ó wò. Ẹni tí wọ́n pè ní òmùgọ̀ lójú gbogbo ayé kò san kọ́bọ̀. Ẹni tó jàre rówó rẹ̀ gbà láìsá kiri. Kálukú wá bá tirẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹnu Judy fi lè mú tó bẹ́ẹ̀. Ní tiwa ńkọ́? Alátà tí ẹ bú lónìí, ìsọ̀ rẹ̀ ló kọjú sí tiyín lọ́la, ọmọ rẹ̀ ló ń bá yín ṣọ́ ọjà bí ẹ bá lọ kírun. Àwọn àgbà ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, torí ẹ̀ la ṣe ní aparíjà nínú ọjà. Ìyá méjì wà ní ìlà wa tí wọn ò kí ara wọn mọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti fi èébú dá ẹjọ́ wọn. Owó èlùbọ́ tí wọ́n torí ẹ̀ jà, 14,000 náírà ni, wọ́n sì ti san án tán tipẹ́.

Ní tiwa, ìbéèrè obìnrin náà la fẹ́ kí ìgbìmọ̀ mú, kí wọ́n fi èébú sílẹ̀ fún un. Ìwé dà? Ọjọ́ wo ni? Ta ló wà níbẹ̀? Kí wọ́n bi àgbà bí wọ́n ṣe ń bi ọmọdé. Ẹni tó bá sì ń tajà àwìn, kó ra ìwé kékeré, kó kọ orúkọ, iye àti ọjọ́, kí ẹni tó gba àwìn fọwọ́ sí i tàbí kó tẹ̀ka. Ẹni tí kò mọ̀wé, kó pe ọmọ rẹ̀ kó bá a kọ ọ́.

Èyí tó bá ju agbára ìgbìmọ̀ lọ, ìjọba Èkó dá kóòtù gbèsè kékeré sílẹ̀ ní 2018, fún owó tí kò ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ. Ẹ lè rojọ́ fúnra yín níbẹ̀ láìgba lọ́yà, ètò wọn sì ni pé kí ẹjọ́ parí láàárín 60 ọjọ́. Àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ ti kọ lẹ́tà béèrè owó yín lọ́wọ́ ẹni tó jẹ yín ná kí ẹ tó lọ. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ o.