Mọ́tò Tó Ń Ta Gìrì: Ẹ Bi Í Léèrè Kí Ẹ Tó Ra Páàtì

Ọ̀rọ̀ mọ́tò la fẹ́ sọ lónìí. Físíìsì ni mò ń kà fún oyè kejì, mi ò kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì. Ṣùgbọ́n mọ́tò bàbá mi ló sọ mí di ọmọṣẹ́ tipátipá.

Òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn la wà lọ́jọ́ náà. Bàbá mi fẹ́ kọjá lára tírélà kan, wọ́n wá tẹná. Dípò kí mọ́tò sáré, ṣe ló ń ta gìrì: ó tì wá síwájú, ó fà wá sẹ́yìn, agbára rẹ̀ sì lọ. Tírélà wà lọ́tùn-ún wa, ẹni tó wà lẹ́yìn ń fọn fèrè. Ọlọ́run ló yọ wá.

Mẹkáníìkì wa pààrọ̀ pọ́lọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò lọ. Ó pààrọ̀ pọ́ńpù epo, kò lọ. Ó wá ní jíà ló ti bàjẹ́, ká lọ ra òmíràn. Owó àjọ tí bàbá mi fẹ́ fi san owó ilé ẹ̀kọ́ àbúrò mi ni wọ́n ti fẹ́ kó síbẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti ní, "Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi lọ́jọ́ méjì."

Kí ni jẹ́ẹ̀kì gan-an?

Jẹ́ẹ̀kì làwọn mẹkáníìkì ń pè é, ọ̀rọ̀ yìí sì wà nínú físíìsì náà. Tí mọ́tò bá ń lọ ní eré kan náà, ara wa ò mọ̀ ọ́n. Tí eré bá ń pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀, àga kàn ń tì wá lẹ́yìn jẹ́ẹ́jẹ́ ni. Ìgbà tí títì yẹn bá yí padà lójijì lorí wa máa ń mì. Ìyípadà òjijì yẹn ni jẹ́ẹ̀kì. Ìbéèrè wa ò ju ẹyọ kan lọ: kí ló ń já agbára gbà lójijì, tó tún ń dá a padà? Ìgbà tó ń ṣẹlẹ̀ ló máa tọ́ka sí i.

Tó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ tẹná

Nínú ẹ́ńjìnnì oní-sìlíńdà mẹ́rin, sìlíńdà kọ̀ọ̀kan ń jó epo lẹ́ẹ̀kan tí ẹ́ńjìnnì bá yí lẹ́ẹ̀mejì. Tó bá ń yí ní ìgbà 3,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, epo ń jó nígbà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó dà bí ìlù. Tí sìlíńdà kan bá kọ̀ tí kò jó, ìlù já nìyẹn, ara yín á sì mọ̀ ọ́n.

Kí ló wá dé tí mọ́tò á dúró jẹ́ẹ́ nínú ọgbà, tó jẹ́ orí òkè ló ti ń ta gìrì? Kọ́ìlì ló ń gbé iná bátìrì, ìyẹn fóòtì 12, di ohun tó ju 20,000 lọ, kí iná lè fo àlàfo kékeré ẹnu pọ́lọ́ọ̀gì. Tí ẹ bá tẹná, afẹ́fẹ́ àti epo tó wọ sìlíńdà á pọ̀ sí i, wọ́n á fún mọ́ra gan-an. Bí wọ́n ṣe ń fún mọ́ra tó ló ṣe ń nira tó fún iná láti fo. Kọ́ìlì tó ti rẹ̀ á gbìyànjú nígbà tí iṣẹ́ kéré. Tíṣẹ́ bá le, á jáwọ́.

Tó bá jẹ́ pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ra epo ló bẹ̀rẹ̀, ẹ fura sí omi tàbí ìdọ̀tí inú epo. Tó bá jẹ́ ìgbà tí jíà ń yí nìkan, ẹ yẹ epo jíà wò ná.

Tó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ tẹ bíréèkì

Tí sítíárìn bá ń gbọ̀n lọ́wọ́ yín, ẹ wo dísìkì iwájú. Dísìkì tó nípọn níbì kan tó fẹ́lẹ́ níbòmíràn á máa ti páàdì lọ, á máa fà á bọ̀. Tí ẹ bá ń sáré 100 kìlómítà ní wákàtí kan, taya ń yí tó ìgbà 14 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nítorí náà, tí gbígbọ̀n bá ń falẹ̀ bí eré ṣe ń lọ sílẹ̀, ohun tó ń yí pẹ̀lú taya ló ń ṣe é.

Tí mọ́tò bá wà lójú kan, tí ẹ tẹ bíréèkì tí ẹ́ńjìnnì wá ń gbọ̀n bí ẹni fẹ́ kú, ẹ yẹ búsítà bíréèkì wò. Agbára tí ẹ́ńjìnnì fi ń fa afẹ́fẹ́ ni búsítà ń lò. Tó bá ya nínú, afẹ́fẹ́ àṣejù á wọ ẹ́ńjìnnì.

Tó bá ń dún gbì nígbà méjèèjì, ẹ wo sítì ẹ́ńjìnnì, rọ́bà tó dì í mú. Ṣùgbọ́n tí ilẹ̀ bá ń yọ̀, tí ẹ tẹ bíréèkì gan-an tí ẹsẹ̀ yín ń gbọ̀n, ABS ló ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ o. Ẹ má gbẹ́sẹ̀ kúrò.

Ohun tá a ṣe

Mo yá ẹ̀rọ kékeré tó ń ka kọ̀ǹpútà mọ́tò. Ó gbé P0302 jáde: sìlíńdà kejì kò jó dáadáa. Mo lọ bá mẹkáníìkì wa. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa fi kọ́ìlì kejì sípò ìkẹta, kí tìkẹta bọ́ sípò ìkejì." Wọ́n wò mí títí, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ṣe é. A pa kóòdù rẹ́, a sì wa mọ́tò gun Òkè Mápó. Ó tún ta gìrì, àmọ́ P0303 ló yọ lọ́tẹ̀ yìí. Àìsàn ti tẹ̀lé kọ́ìlì lọ!

Kọ́ìlì kan péré la rà. Jíà ò ní nǹkan kan. Àbúrò mi ti san owó ilé ẹ̀kọ́. Mẹkáníìkì wa náà ti wá ń ṣe é bẹ́ẹ̀ fún àwọn oníbàárà mìíràn.

Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ yí padà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ wo ohun tó máa tẹ̀lé e. Tí iná ẹ́ńjìnnì inú dáṣíbọ́ọ̀dù bá ń ṣẹ́jú, ẹ má tẹ̀ síwájú, ẹ wá ibi tó dáa páàkì sí. Tó bá sì jẹ́ bíréèkì ni, ẹ má jẹ́ kó di ọ̀la. Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran.