Ọmọ Tí Ń Fa Afọ́jú Lọ́wọ́



Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tó dá aríran, tó sì dá afọ́jú. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad.

Súúrà Abasa, Súúrà 80, ni ẹ̀kọ́ wa lóṣù yìí. Abdullah ọmọ Ummu Maktum, tí ojú rẹ̀ fọ́, wá bá Ànábì nígbà tí Ànábì ń bá àwọn èèkàn Kùráẹ̀ṣì sọ̀rọ̀. Ọlọ́hun sọ Súúrà náà kalẹ̀ nítorí rẹ̀, pé ẹni tó wá ìmọ̀ wá kò ṣe é pa tì. Ẹ kíyè sí i: kì í ṣe owó ló wá tọrọ, ìmọ̀ ló wá. Nígbà tó yá, ó di ládàánì pẹ̀lú Bilal ní Mẹ̀dínà, Ànábì a sì máa fi í ṣe adelé bí ó bá rìnrìn àjò.

Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀dọ̀ tiwa. Láti Bẹẹrẹ dé Mápó, títí dé Ọjà'ba, a máa ń rí alágbe afọ́jú tí ọmọdé ń fà lọ́wọ́, pàápàá lọ́jọ́ Jímọ̀. A ó ju owó sílẹ̀, a ó sì kọjá lọ. Sàárà dára, ṣùgbọ́n ta ló bi ọmọ náà léèrè kíláàsì tó wà? Àwọn mìíràn wà nínú agbo ilé tí a kì í rí: ọmọ tó ń pọnmi, tó ń dáná fún ìyá rẹ̀ tó rọ, kó tó ronú ilé ìwé.

Òfin kò gbàgbé wọn. Òfin ẹ̀kọ́ ọdún 2004 ní kí gbogbo ọmọ lọ sí ilé ìwé lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọdún 9. Òfin oṣù kìíní ọdún 2019 fún abirùn ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí dé girama. Ó tún ní kí ilé iṣẹ́ ìjọba sapá kí abirùn tó ìdá 5 nínú 100 òṣìṣẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá lọ sí ilé ìwé, ta ni yóò fa bàbá lọ́wọ́? Ibẹ̀ ni iṣẹ́ tiwa ti bẹ̀rẹ̀.

Èkíní, kí a pín ọjọ́ láàrin ara wa, ọkùnrin fún ọkùnrin, obìnrin fún obìnrin, láti mú wọn lọ sí ọsibítù, ọjà àti mọ́sálásí, kí ọmọ lè ráyè kàwé.

Èkejì, lẹ́yìn Àsálátù, kí àwọn tó wà ní yunifásítì kọ́ ọmọ náà ní ohun tó ti kọjá lórí rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, Súúrà Taobah ẹsẹ 60 fi aláìní ṣíwájú nínú àwọn tí sàká tọ́ sí. Ẹ jẹ́ ká fi sàká san owó ẹ̀kọ́ṣẹ́, ká fi ra ẹ̀rọ ìránṣọ. Ẹ̀yin ọ̀gá télọ̀, ẹ gba adití sí ṣọ́ọ̀bù: ojú àti ọwọ́ ni a fi ń kọ́ ìránṣọ.

A kò ní kí ẹ má ṣe sàárà mọ́. Ṣùgbọ́n owó tí a fún ọmọ lónìí yóò tán lónìí. Bí kò bá kàwé, tí kò kọ́ṣẹ́, ọ̀la ni òun náà yóò jókòó síbi tí bàbá rẹ̀ jókòó sí.

Kí Ọlọ́hun fi wá ṣe ojú fún afọ́jú àti ẹsẹ̀ fún arọ. Àmín.