Àgọ́ tàbí Àtíbàbà? Ìtumọ̀ Tẹ̀mí Àjọ Ìpàgọ́ Nínú Èrò Àwọn Hásídì àti Kíkọ́ Rẹ̀ ní Etíkan

Ìfáàrà
Nínú Bíbélì Yorùbá tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ túmọ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, àgọ́, ni a lò fún ohun méjì tí èdè Hébérù yà sọ́tọ̀: mishkan, ibùgbé mímọ́ tí Mósè fi aṣọ títa ṣe ní aginjù, àti sukkah, ilé ọlọ́jọ́ méje tí Léfítíkù 23:42 pàṣẹ pé kí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì máa gbé. Èrò wa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé àtíbàbà ni ó bá sukkah mu jù lọ.

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Tíṣírì ni àjọ náà ń bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn Ọjọ́ Ètùtù. Òfin kò gba aṣọ tàbí páànù ní òrùlé rẹ̀. Ohun tí ó hù nínú ilẹ̀, tí a sì ti gé, ni a fi ń bò ó, kí òjìji rẹ̀ ju oòrùn lọ. Ó sì dára kí a lè rí ìràwọ̀ láàrin rẹ̀. Ọmọ Etíkan tí ó bá ti jókòó lábẹ́ àtíbàbà onímọ̀ ọ̀pẹ rí ti mọ ìdajì ẹ̀kọ́ yìí. (Àtíbàbà aláṣọ tí a ń háyà lóde òní kọ́ ni à ń wí.)

Ohun tí àwọn Hásídì rí
Israel ben Eliezer, tí a mọ̀ sí Baal Shem Tov, tí ó kú ní 1760, ni ó dá ìjọ Hásídì sílẹ̀ ní Ìlà-Oòrùn Yúróòpù. Shneur Zalman ti Liadi (1745–1812), ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú wọn, kọ́ni pé èéfín tùràrí tí olórí àlùfáà ń sun ní Ọjọ́ Ètùtù ni ó di ìbòrí sukkah. Ohun tí ó fara pamọ́ ní ibi mímọ́ jùlọ bọ́ síta, ó sì ṣíji bo gbogbo ènìyàn. Ìmọ́lẹ̀ kan wà tí ń wọ inú olúkúlùkù ní ìwọ̀n òye rẹ̀. Òmíràn ga ju òye lọ, yíyí ni ó ń yí ni ká. Irú èyí ni ti àtíbàbà náà: ọ̀mọ̀wé àti púrúǹtù ni ó ń bò bákan náà.

Wọ́n tún fi í wé ìgbámọ́ra. Ògiri méjì pípé àti ẹ̀kẹta tí kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ tó fún un. Ìwọ̀nyí ni apá òkè, apá ìsàlẹ̀ àti àtẹ́lẹwọ́. Ẹni tí a gbá mọ́ra, ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọwọ́ wà. Bí ó tilẹ̀ fẹ́ kẹ̀yìn síni, a kò jẹ́ kí ó lọ.

Nínú kíláàsì
Òkun ń gba ilé lọ́wọ́ onílé ní etíkun Ìlàjẹ. Ayétòrò, tí a tẹ̀dó ní 1947, ti pàdánù ọ̀pọ̀ ilé. Bí olùkọ́ bá ní àwọn Júù ń fi ilé sílẹ̀ tayọ̀tayọ̀, ọmọ tí òkun lé kúrò nílé lè béèrè pé, "Lẹ́yìn ọjọ́ méje, ṣé wọ́n ń padà sílé?" Wọ́n ń padà. Àjọ ìkórè ni, àká kún. Ẹni tí ó nílé ni ó ń fi í sílẹ̀. Nítorí náà, ìgbámọ́ra ni kí olùkọ́ fi bẹ̀rẹ̀, kí ó tó kan fífi ilé sílẹ̀. Kí ó sì sọ fún wọn pé òfin gba ẹni tí òjò ń pa nínú sukkah láyè láti wọlé lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn Hásídì Chabad a máa jókòó sínú òjò náà jẹun.